Bàbá Rewáyà Tó Ń Tọ́ Bátìrì Wò

Ahọ́n ni bàbá rewáyà àdúgbò wa ní Ṣakí fi ń yẹ bátìrì wò. Á ní, "Ẹ̀rọ lè parọ́, ahọ́n mi kì í parọ́."

Nígbà tí mọ́tò ìṣeré onírìmóòtù tí bàbá mi rà bọ̀ láti Mẹ́kà ò gbaná mọ́, tí Ràfíátù ọmọ mi ò jẹun nítorí rẹ̀, èmi àti ọmọ náà gbé mọ́tò náà lọ bá bàbá rewáyà. Ó tọ́ ojú irin bátìrì náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ràfíátù, òrí rèé! Ta ló fi pa á?"

"Èmi ni, bàbá. Mi ò fẹ́ kí ọyẹ́ bà á jẹ́ ni."

"Ṣé o lé tìróò fún un náà? Òrí ò jẹ́ kí iná wọlé!"

Ó fi bẹntiróòlù nù ún, ó sì fi í sí ṣájà. Nígbà tó kún, bàbá mú rìmóòtù, mọ́tò náà sì ń lé adìẹ kiri. Ràfíátù nawọ́ sí rìmóòtù, bàbá fà á sẹ́yìn.

"Ní sùúrù, ọmọ mi, mò ń dán an wò ni."

Ìpè ìrun Alásárì ló gba rìmóòtù lọ́wọ́ bàbá.