Etí Kánáàlì Tí Wọ́n Fi Táìsì Bò

Tìmùtìmù ni Bàámi ń ṣe ní Muṣin. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, ó kọ ẹ̀yìn sí kánáàlì. Àwọn oníbàárà máa ń wá láti Súrùlérè, torí tìmùtìmù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í jìn láàárín.

Kánáàlì yẹn dàgbà ju ilé wa lọ. Bàámi sọ fún wa pé odò kékeré kan ló wà níbẹ̀ kí àwọn iléeṣẹ́ tó dé. Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ kan kọ́lé sókè wa, ìjọba gbẹ́ odò náà fẹ̀, wọ́n nà án tọ́ọ́rọ́, wọ́n da kọnkéré sí etí rẹ̀ méjèèjì, kí omi iléeṣẹ́ lè gba Yábàá kọjá já sí ọ̀sà ní Ìwáyà. Àwọ̀ aṣọ tí wọ́n bá ń rẹ lọ́jọ́ náà ni omi máa ń wọ̀, òní búlúù, ọ̀la pupa. Àwa ọmọdé a máa jiyàn lórí àwọ̀ tó kàn. Omi náà kò mọ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn.

Iléeṣẹ́ yẹn kógbá sílé. Ọkùnrin kan ra ilé ìkẹ́rùsí wọn, èyí tó dojú kọ wá lódìkejì omi. Ṣíámàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Táìsì ló ń tà. Nígbà tí ilé kò gba ọjà rẹ̀ mọ́, ó ní kí típà máa da yanrìn sínú kánáàlì. Wọ́n dà á títí omi fi kù bíi gọ́tà, ó mọlé lé e lórí, ó sì fi táìsì tẹ́ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn wọlé bá wa. Tìmùtìmù tó bá ti mu omi, kò tún wúlò mọ́. Á wú, á wúwo, á máa rùn. Bàámi dé fìlà funfun rẹ̀, ó lọ bá Ṣíámàn, mo sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ń jẹun lọ́wọ́, kò ní ká jókòó. Ó jẹ ẹran rẹ̀ tán, ó ta eyín, kó tó wojú wa.

"Ṣíámàn, ẹ dákun," Bàámi ní, "omi ò rọ́nà gbà mọ́. Ẹ bá wa ṣí i díẹ̀."

"Baba onítìmùtìmù," ó ní, "tí omi bá wá sílé yín, ẹ ṣáà fún un ní tìmùtìmù kan kó sùn sí."

Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì padà sílé. Ìdúpẹ́ yẹn gan-an ni mi ò lè gbàgbé.

Lọ́dọọdún ni omi ń wá. Bàámi gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ikọ́ mú un, ó sì kú lásìkò òjò. Àwọn tó gbé e jáde ká ṣòkòtò sókè, omi ni wọ́n là kọjá nínú pálọ̀ wa. Lọ́jọ́ yẹn, Ṣíámàn fi páálí omi inú ike ránṣẹ́ sí wa fún àwọn àlejò. Omi! Mo rù ú padà lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé èmi pẹ̀lú rẹ̀ ṣì máa pàdé.

Mo di tíṣà ní Yábàá. Àwọn àbúrò mi ní kí n gba ilé síbẹ̀, kí n mú ìyá wa kúrò nínú omi. Mo kọ̀. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ilé baba ló dá mi dúró. Rárá o. Mo fẹ́ máa jí lójoojúmọ́ kí n máa rí ògiri rẹ̀, kí inú tó ń bí mi má baà rọ̀.

Àìpẹ́ yìí ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí kánáàlì náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ló kọ́kọ́ ń pariwo rẹ̀ lórí fóònù, pé kí omi tún máa ṣàn, kí igi wà létí rẹ̀, kí èèyàn lè máa rìn níbẹ̀. Katapílà dé. Wọ́n pe ìpàdé àdúgbò láti mọ ibi tí etí kánáàlì wà látijọ́, torí gbogbo ilé tó bá wà lórí rẹ̀, tàbí tó bá sún mọ́ ọn jù, wíwó ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, Ṣíámàn wá sílé wa. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyá mi gbé àga fún un.

"Tíṣà," ó ní, "mo ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Gbogbo wa máa sọ pé ibi tí omi wà yìí náà ló wà látilẹ̀. Ìwọ náà, fọwọ́ sí i. Ṣọ́ọ̀bù baba ẹ sún mọ́ omi jù. Tí wọ́n bá wó tèmi, wọ́n á wó tiyín."

Òótọ́ ló sọ. "Mo ti gbọ́, sà," ni mo fi dá a lóhùn.

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́hun. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló kù tí mo fi ń rí baba yín."

"Màámi, Ọlọ́hun ló rán katapílà."

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìpàdé, àwọn àgbà ń wolẹ̀ bí wọ́n ṣe ń parọ́. Mo dìde. "Ẹ lọ sí àárín ilé táìsì Ṣíámàn," mo ní, "ẹ gbẹ́ abẹ́ ibẹ̀ wò." Ó pariwo pé orí mi ti dàrú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbẹ́ ẹ. Yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà kọnkéré etí kánáàlì àtijọ́, tí àwọ̀ búlúù ti omi iléeṣẹ́ aṣọ ṣì wà lára rẹ̀. Ṣíámàn jókòó sórí páálí táìsì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wó o, mo gbàyè níbi iṣẹ́. Mo gbé àga síta, mo ra ẹ̀pà, mo jókòó síbi tó ti máa rí mi dáadáa. Katapílà ki eyín bọ ògiri, táìsì ń fọ́ gbàràgbàrà, èmi ń jẹ ẹ̀pà mi. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn tó bá dé. Tèmi dùn.

Ṣíámàn gba orí afárá kékeré tó dá omi kọjá wá bá mi. "Ṣé ọkàn ẹ ti balẹ̀ báyìí?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

Lọ́sàn-án, katapílà yíjú sí wa. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù Bàámi wó, òwú tìmùtìmù tó ti há sí òrùlé láti ayé rẹ̀ fò jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e káàkiri. Ìyá mi wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kọjá ìkíni láàárín wa. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, ibẹ̀ náà ni n óò tọ́ka sí.

Kánáàlì ti fẹ̀ padà. Wọ́n ti gbin igi sí i, àwọn èèyàn sì ń rìn létí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, ìyá mi ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Òjò dá. Ilẹ̀ pálọ̀ gbẹ.

"Kò wá," ó ní.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé àìsàn ti dá Ṣíámàn dùbúlẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ìyá mi po ẹ̀kọ gbígbóná, ó bù ú sínú kúlà, ó ní kí n gbé e lọ fún un.

"Màámi, mi ò lọ."

Ó fa ìborùn rẹ̀ borí, ó gbé kúlà náà fúnra rẹ̀, ó sì gba etí kánáàlì lọ.