Ọ̀sán Sátidé tí Mo Fi Èdè Tuntun Ròyìn Bọ́ọ̀lù fún Àlájì

Tí o bá jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye lọ́sàn-án Sátidé, òórùn ẹja tútù ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Tùràrí yóò tẹ̀lé e láti ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí i, lẹ́yìn náà ni òórùn ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mi ò lè sọ pé òórùn náà dùn, ṣùgbọ́n títí dòní, bí ó bá ti kàn mí nímú, ṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ yára, bí ẹni tí ẹnì kan ń dúró dè nílé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dúró dè mí nígbà náà ni Àlájì, onílé mi, baba arúgbó tí ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú wọn pátápátá kí n tó dé ilé wọn. Ìyàwó wọn ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run, ọmọ wọn obìnrin ń gbé ní Forest Hill pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì gba yàrá kan lókè.

O mọ bí ìlú yìí ṣe ń rí fún ẹni tó bá fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni mò ń fọ̀ ní gáréèjì láti ìdájí títí di ọ̀sán. Mo lè gbálẹ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì sọ ọ́, "You all right?" ni, wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ kí n lè gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó dá mi lójú pé ìwọ náà ti ṣe é rí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo bá Àlájì níwájú tẹlifíṣọ̀n, ojú wọn kọ sí ògiri, wọ́n fajú ro. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí kò sọ bọ́ọ̀lù mọ́. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ẹni tó bá ń ròyìn bọ́ọ̀lù á sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà fún ọ. Àwọn ti ìsinsìnyí, àlàyé ni wọ́n ń ṣe. Àlàyé kí ni? Èmi tí mi ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín, mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún wọn ní Yorùbá, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré.

Àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò nílé nígbà náà kì í pe agbábọ́ọ̀lù lórúkọ lásán. Wọ́n á wo ìrìn rẹ̀, wọ́n á wo ìdúró rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní orúkọ tó bá a mu. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe fún Àlájì. Nínú ẹgbẹ́ tí Àlájì ń tì lẹ́yìn, tó ti di tèmi náà, mo pe ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo pe ẹni kúkurú àárín tí kì í fi ẹnikẹ́ni lọ́rùn sílẹ̀ ní Agbọ́n. Gìrìpá tó wà lẹ́yìn, Ilẹ̀kùn Irin ni. Mo ń sọ ẹni tó ṣubú, ẹni tó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so, kóòṣì tó ń họ orí. Kò pẹ́ tí Àlájì fi mọ gbogbo wọn bí ọmọ ilé wọn. "Agbọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀, àbí?" ni wọ́n á wí, ẹsẹ̀ wọn á sì máa gbá afẹ́fẹ́ lábẹ́ tábìlì. A máa ń jẹ ẹ̀pà, a máa ń mu tíì tí wọ́n kọ̀ kí n fi ṣúgà sí, a sì máa ń pariwo. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́, gbogbo ọjọ́ mẹ́fà yòókù, Sátidé ni mo fi ń forí tì í.

Ìjọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní káńtíìnì ibiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń fọ ọkọ̀, ìhín ni wọ́n bí i sí, ará Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nígbà oúnjẹ, èmi a sì máa dá jẹ tèmi nídìí fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, mo ṣe bí ọkùnrin, mo dá sí i. Mo ní winger wa, ẹni ẹ̀gbẹ́ pápá tí mo pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí iwájú dáadáa. Ọmọkùnrin náà dijú, ó ní, "Ah, Uncle, winger báwo? Ẹ ti old school jù, I swear. Ó ń play between the lines, innit." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkà kọ́ o, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Ni mo bá lọ kọ́ èdè náà. Mo fi gbọ́rọ̀-sétí fóònù mi sétí, mo sì ń fetí sí àwọn onímọ̀ bọ́ọ̀lù bí mo ṣe ń nu ìjókòó lókè bọ́ọ̀sì. Mo kọ́ low block, ìyẹn kí gbogbo ẹgbẹ́ kó sẹ́yìn dí ojú ilé; mo kọ́ transition, ìyẹn sísáré kọlu nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù; mo kọ́ half-space, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ pápá àti àárín. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ bà jẹ́, bí ọbẹ̀ tí a kò gbé kaná. Èyí tí mo kọ́ lóṣù yìí, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ọmọkùnrin náà á ní, "Nah, nobody says that no more, Uncle." Màá tún lọ kọ́ òmíràn. Síbẹ̀, wọ́n ti ń sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n mi orí sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àṣìṣe mi ni pé mo gbé e wá sílé. Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ wa ń bá ẹgbẹ́ tí Àlájì kórìíra jù lọ gbá. Mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, mo sì kóra jọ bí ọ̀mọ̀wé.

"Àwọn ará ibẹ̀yẹn ti wà ní low block, sà. Tiwa fẹ́ ṣe overload ní left half-space."

Àlájì yí etí sí mi. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?"

"Wọn kì í lo winger bẹ́ẹ̀ mọ́, sà."

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ni?"

"Rárá, sà. Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Between the lines, sà."

Èmi, mo ti wọ inú rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Bí góòlù ṣe wọlé nìyẹn. Àwọn ará ilé kejì pariwo, ariwo náà la ògiri kọjá, Àlájì sì dìde díẹ̀ lórí àga. "Góòlù ni? Tiwa ni? Ta ló gbá a wọlé?"

"Transition tó dáa ni, sà! Wọ́n break the press, wọ́n wá—"

"Mo ní ta ló gbá a?"

"Ẹ ní sùúrù, sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún baba tí kò ríran, nínú ilé ara rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, kí n tó mọ̀, ó ti bọ́. Àlájì wá ọ̀pá wọn kàn. Wọn ò bínú, ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn sọ pé, "Ó ti tó, ọmọ mi. Lónìí ni mo tó mọ̀ pé mi ò ríran." Wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá wọn, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Agbọ́n ló gbá a wọlé, fún tiwa. Bọ́ọ̀lù náà ò tíì dé ìdajì.

O mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ẹni tó bá ṣẹ àgbà, ìdọ̀bálẹ̀ ló kàn, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Èmi kò ṣe é. Ojú ń tì mí, mo sì fi iṣẹ́ bojú. Mo gba iṣẹ́ Sátidé mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, mo ń kí wọn láti orí àtẹ̀gùn, wọ́n ń dáhùn láti inú yàrá. Nígbà tí mo ti iṣẹ́ dé ní ìkẹrin, àga wọn ti ṣófo. Ọmọ wọn obìnrin ló wà nínú pálọ̀, ó ń di aṣọ. Ó ní, "Uncle, a ti mú Daddy lọ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ilé yìí ti dákẹ́ jù. I did try to call you."

Ó fi àwọn yàrá ìsàlẹ̀ háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kì í yọ gbọ́rọ̀-sétí, bí mo bá kí wọn, wọn á rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni rẹ́rìn-ín sí àwòrán. Wọ́n gbé ọmọ Ìjẹ̀bú náà lọ sí gáréèjì mìíràn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù káńtíìnì sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Mo wá ní àpò ọ̀rọ̀ tuntun kan tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Èèyàn ni aṣọ, ọ̀rẹ́ mi. Ìhòòhò ni mo wà nígbà òtútù yẹn.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó gun bọ́ọ̀sì lọ sí Forest Hill. Ọmọ wọn ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó fohùn kẹ́lẹ́ sọ pé, "Wọn kì í jẹ́ ká tan TV. He just sits there." Nídìí fèrèsé ni mo bá wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àlájì gbọ́rí sókè. "Ta ló ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì ọmọ mi?"

"Èmi ni, sà. Ẹ forí jì mí."

Wọ́n ká tẹ̀sùbáà mọ́wọ́. "Dìde," ni wọ́n wí. "Kò sí bọ́ọ̀lù lónìí. Kí ló wà níta yẹn? Òtútù rẹ̀ ń kàn mí, mi ò mọ bó ṣe rí."

Mo sún mọ́ fèrèsé. Mo sọ fún wọn pé òpópónà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sísàlẹ̀, ológbò funfun kan wà lórí ògiri ọgbà, ó ń wo ẹyẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó, ìyá àgbàlagbà kan sì ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ gun òkè, ó ń dúró sinmi nídìí gbogbo ọ̀pá iná. Àlájì ń mi orí. Wọ́n ní kí n pe ìyá náà lórúkọ, mo ní Ìyá Arọ́jú, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn wálẹ̀.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ó lé lọ́dún méjì tí a jọ gbélé, mi ò mọ bí o ṣe rí. Ròyìn ara rẹ fún mi."

Mo la ẹnu. Èmi tí mo ti sọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù lórúkọ, mi ò rí orúkọ fún ara mi. Mo ní, "Mo ga díẹ̀, sà. Mo dúdú. Mo ti rù ju bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ewú ti hù sí mi níwájú orí." Mo dúró. Àlájì ń dúró, bí wọ́n ṣe máa ń dúró tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ ẹni wa tí n kò tíì sọ ibi tó lọ. Ni mo bá sọ ọ́. "Mo dá wà, sà."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi kàn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Hẹn-ẹn," ni wọ́n wí. "Mo ti wá ń rí ọ báyìí."

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe. Mo rò pé èmi ni mò ń yá baba ní ojú ní gbogbo àkókò yẹn, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń wá ẹni tí yóò rí mi. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo sáré kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, wọ́n fún mi ní àyè lórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí mo lè fi dá baba lóhùn lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹnì kan béèrè bí mo ṣe rí, tó sì jókòó de ìdáhùn.