Harun Tó Mọ Òkè-Àràbà bí Ẹni Mowó

Ẹ bi Harun léèrè iye ènìyàn tó ń gbé ní Jẹ́dà tí wọ́n bí i sí, kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Òkè-Àràbà, ìlú baba rẹ̀ tí kò fojú kàn rí, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àwọn ọdẹ mẹ́rin ló tẹ̀ ẹ́ dó, àdúgbò mẹ́rin ló sì ní. Ilé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní igba. Ó fẹ̀yìn ti òkè, ó kọjú sí odò Ọ̀yúnrin, ọrọọrún ni wọ́n sì ń ná ọjà rẹ̀. Àlàájì Mùkáílà, baba rẹ̀, ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí nínú yàrá wọn ní Al-Sabeel, àdúgbò kan ní Jẹ́dà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni bàbá náà nígbà tí baba tirẹ̀ mú un kúrò nílé, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn gba Sudan wá sí Mẹ́kà, tí wọn ò sì padà mọ́.

Lọ́dún 1997, ara Harun ò balẹ̀ rárá. Ìkámà rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú náà, ku ogún ọjọ́ kó parí, wọn ò sì ní tún un ṣe láìsí páásì Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣe páásì ní àfi kó mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀ baba rẹ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni. Bí kò bá rí i, wọ́n á lé e lọ sí ilẹ̀ tí kò mọ̀, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta á sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. 

Nígbà Hájì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó àwọn Yorùbá tó bá sọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú sínú bọ́ọ̀sì Mẹ́kà. Lọ́dún yẹn, kò gbé ẹrù ẹnikẹ́ni láìbi í ní ìlú rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó ti ń béèrè, ó rí ọmọ Òkè-Àràbà méjì: Àlàájà Bilqis, ìyá arúgbó kan, àti Àlàájì Abdulateef, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ni, akọ̀wé ò sì fọkàn tán ẹni tó fi sípò ara rẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ ìjọba sápò wá sí Hájì.

Harun dọ̀bálẹ̀, ó rojọ́. Akọ̀wé wò ó tìfuratìfura. "Báwo ni ìlú wa ṣe tóbi tó?"

"Ilé ibẹ̀ lé ní igba, Àlàájì."

"A ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn. Odò wo là ń pọn?"

"Ọ̀yúnrin ni."

"Ọ̀yúnrin ti gbẹ. Omi ẹ̀rọ là ń mu. Ọjà ńkọ́?"

"Ọrọọrún ni."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ojoojúmọ́ là ń ná an. Wá ìlú mìíràn lọ, ọ̀rẹ́."

 Ohun tó mọ̀ jù láyé ló ń ba tirẹ̀ jẹ́ yìí.

"Ẹ dúró ná," ni Àlàájà Bilqis wí. "Ọmọ mi, ilé wo ni bàbá rẹ?"

"Ilé Alágbẹ̀dẹ ni, Ìyá. Ó kọjú sí ìdí igi àràbà, kànga wà lẹ́yìnkùlé. Òkúta mẹ́ta la fi ń gun ẹnu ọ̀nà, èyí àárín ti sán."

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Orí òkúta yẹn ni wọ́n ti máa ń dirun fún mi. Akọ̀wé, ọmọ wa ni. A ti rò pé ilé yẹn ti run tán."

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa Harun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Orí ilẹ̀ yẹn la kọ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ sí. Wọ́n ní kò ṣẹ́ku ọmọ kankan níbẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ni ọ́, lọ́la wàá gbé wa lọ sí kóòtù."

"Mi ò ní gbé yín lọ síbì kankan, Àlàájì."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Màá kọ ọ́ pé ọmọ Òkè-Àràbà ni ọ́. Ṣùgbọ́n màá fi kún un pé bàbá rẹ ò ní ilé níbẹ̀, kò sì ní ilẹ̀. Wàá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀."

Akọ̀wé fa bébà yọ, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Harun kórìíra ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì sì ti ń fun fèrè, àwọn èrò ti ń pe akọ̀wé. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà ọ̀hún ò ní ìkámà tó fẹ́ parí. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i ní lẹ́tà Lárúbáwá. Akọ̀wé tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó dé Al-Sabeel. Baba rẹ̀ wà lórí ẹní, Harun sì fi ìwé náà hàn án.

"Wọ́n bi ọ́ nípa ilé wa?"

"Wọ́n bi mí, Bàbá."

"O sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sọ ọ́."

Inú bàbá dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Lárúbáwá nìkan ló lè kà, ó ní kí Harun ka ìwé náà sí òun létí. Harun kà á: orúkọ ìlú, orúkọ tirẹ̀, orúkọ baba rẹ̀. Ó ku ìlà kan. Ó ká ìwé náà pọ̀, ojú sì tì í.

"Ó parí síbẹ̀, Bàbá."