Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gba Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Lọ́nà Goro

Òórùn èso kajú tó ti rọ̀ jù ló máa ń sọ fún èèyàn pé ó ti kúrò ní Ṣábẹ̀, ó ti ń wọ agbègbè Tchaourou. Ó dùn, ó kan díẹ̀, ó dà bí ọtí tí wọ́n gbàgbé sínú agbè. Ní àsìkò tí wọ́n máa ń fún wa ní ìsinmi Àjíǹde nílé ẹ̀kọ́, èso náà á ti tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ igi, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa yọ kóró rẹ̀ sínú garawa, wọ́n á sì ju èso nù. Ìwọ tó o dàgbà nílùú ńlá bíi tèmi lè pè é ní òórùn ìdọ̀tí. Ní tèmi, òórùn ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá ni, ọdún tí gbogbo ilé wa wọ ọkọ̀ láti Kùtọnu lọ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní abúlé kan lọ́nà Goro.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Ogún ọdún ló fi gbé èrò àti ẹrù láàrin Kùtọnu àti Parakou, kò sí ihò kan lójú ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀. Ní abúlé rẹ̀, Tonton Awakọ̀ ni àwọn ọmọdé ń pè é, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò yé wa. Á da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Á fi èjìká gbá ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbà kọjá láti ọjọ́ tí a ti kó sínú ilé náà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún náà sì ti ń dín kù láti ẹ̀gbẹ́, pé oògùn lè dá èyí tó kù dúró ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ó ní kó má wakọ̀ mọ́. Ìyá mi nìkan ni bàbá mi sọ ọ́ fún. Àwa ọmọ gbọ́ ọ níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ gbogbo nǹkan, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ọkọ̀ èrò rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì sọ fún àwọn ará abúlé lórí fóònù pé òun ń sinmi díẹ̀. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ, lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà láìpariwo. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n dán an wò ló gba pẹ́mì, ìwé àṣẹ ìwakọ̀.

A kúrò ní Kùtọnu lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ìyá mi ló wà nídìí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilé wa, bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́yìn láàrin àpò ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a rà fún àwọn ará ilé. Ìyá mi di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tó di màlúù mú níwo. Bàbá mi kò bá a jà. Ó kàn ń ka ojú ọ̀nà fún un láti orí: "Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀ yìí, fà sí ọ̀tún. Má sáré níbi tí wọ́n ti ń ta gàrí, àwọn ọmọ máa ń já lu títì." Bí ó ti wí ni gbogbo rẹ̀ rí. Nígbà tí a kọjá Ìdáàṣà, ìyá mi yà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù gìrìwò kan, ó sì kọjá rẹ̀ láìgbọ̀n. Bàbá mi ní, "Kò burú." Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ méjì yẹn títí a fi rí àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ̀.

Ní Tchaourou, a kúrò lórí ọ̀nà ọlọ́dà, a bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. A ò tíì rìn jìnnà tí bàbá mi fi ní, "Dúró níbí."

Ìyá mi rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni. Ó dúró lábẹ́ igi kan. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ ara ọkọ̀ yí iwájú rẹ̀ ká, ó sì ṣí ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

"Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣebí dókítà ní..."

"Mo mọ ohun tí dókítà ní. Mo lè rin ọ̀nà yìí lójú oorun. Àwọn ará abúlé ò ní rí mi níbi tí mo ti jókòó bí ẹrù nínú ọkọ̀ ara mi."

Ìyá mi bojú wo àwa tí a wà lẹ́yìn, ó wo bàbá mi, ó sì sọ̀kalẹ̀. Mo bi í lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé kí ló dé tó fi gbà. Ó ní òun kò fẹ́ bá a jiyàn níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀, pé bí òun bá borí rẹ̀ níbẹ̀, òun kò mọ bí yóò ṣe máa wojú wa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìdí yẹn kò tó. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà pàápàá."

Bàbá mi jókòó, ó tún àga ṣe, ó sì pè mí. "Wá sáàrin níbí. Ohunkóhun tó bá ń bọ̀ lápá òsì, sọ ọ́ fún mi."

Mo kúnlẹ̀ sáàrin àga méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù kan. Ewúrẹ́ mẹ́ta. Fúlàní kan àti màlúù rẹ̀, wọ́n ti wọ igbó lọ. Ìyá kan tó ru igi. Bí mo bá ti sọ ọ́, á ní, "Mo gbọ́." Ó ń wà á jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju ti ìyá mi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ọ: inú mi dùn. Bàbá mi kò tíì nílò mi fún nǹkan kan rí, ju kí n lọ gbé omi wá lọ. Ní ọjọ́ yẹn, mo di ojú rẹ̀, mo sì ń gbé àyà sókè bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọmọ ọdún méjìlá kì í mọ̀ pé ẹrù kan ti wúwo ju òun lọ tí ẹni tó gbé e rù ú bá ti yìn ín.

Bí a ti ń wọ abúlé ni àwọn ọmọ Tonton rí wa. Tonton ni à ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyàwó rẹ̀ sì ni Tata. Ọmọbìnrin wọn, ẹgbẹ́ mi, tí a jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ti gun orí gbòǹgbò igi máńgòrò kan lápá ọ̀tún, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sí wa, ó ń pariwo orúkọ mi. Mo gbàgbé ohun tí wọ́n fi mí ṣe. Mo ti àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yọ orí síta lójú fèrèsé ọ̀tún, èmi náà pariwo.

Ní ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, yọ láti oko kajú lápá òsì lórí kẹ̀kẹ́, àpò kajú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò rí i. Ohun tí mo gbọ́ kò le, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ju àpò iṣu sílẹ̀. Ìyá mi ké. Ọkọ̀ dúró.

Ọmọ náà ti dìde kí a tó sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú mọ́ àyà, ọrùn ọwọ́ náà sì ti yí sí ibi tí kò yẹ kó yí sí. Kajú tú ká gbogbo ojú ọ̀nà. Tonton sáré jáde láti inú ọgbà ilé rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì tẹ̀ lé e. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí ọkọ̀? Ọkọ̀ àbúrò mi, ẹni tó fi ogún ọdún wakọ̀ tí kò gbá adìẹ rí!"

"Ẹ má bínú, bàbá mi."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ fún un."

Ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe ṣe é ni n kò lè gbàgbé. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tó dára tẹ ilẹ̀, ó sì rọra fi ẹ̀gbẹ́ ara lélẹ̀ nítorí ọwọ́ kejì, àyà rẹ̀ wá kan eruku. Ó ní, "Tonton, ẹ dárí jì mí."

Bàbá mi dúró, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ń wò ó. Èmi náà ń wò ó. Mo mọ̀ pé bàbá mi kò rí i, mo sì mọ ẹni tí ì bá sọ fún un. Àkókò náà kò lè pẹ́, bóyá ó tó ìgbà tí èèyàn á fi mu ife omi kan, ṣùgbọ́n mo rí i lójú bàbá mi pé ọ̀nà wà fún un láti kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo abúlé ti dá ẹjọ́ náà fún un. Kó sáà ní, "Dìde, kò tó nǹkan," ó ti parí.

"Dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Ìwọ kọ́. Èmi ni n kò rí ọ."

Tonton wò ó. "O ò rí i báwo? Ṣebí ọ̀sán gangan nìyí."

"Ojú mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ti òsì ti lọ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ìyàwó mi ló wà á wá láti Kùtọnu. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà níbẹ̀ yẹn ni mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má baà mọ̀."

Tata ti gbé ọmọ rẹ̀ dìde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so ọwọ́ náà kọ́ ọrùn fún un. Tonton rìn sún mọ́ bàbá mi, ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì rẹ̀, ó jù ú síwájú sẹ́yìn. Bàbá mi kò ṣẹ́jú.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú bàbá wa," ni Tonton wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Òun náà kò sọ fún wa. Ìgbà tó ro iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pọ̀ mọ́ koríko la tó mọ̀." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, ó rẹ̀ ọ́?"

"Rárá, ọkọ mi."

"Bon, ó dáa. Gbé wa lọ sí Tchaourou."

Báyìí ni ìyá mi ṣe tún wọ ìdí ọkọ̀ lójú gbogbo abúlé, Tonton níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá mi lẹ́yìn, ó gbé apá ọmọ náà lé itan ara rẹ̀ kí ọ̀nà má baà gbọ̀n ọ́n. Èmi há sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí a ti ń kọjá, mo gbọ́ tí ìyá arúgbó kan ní, "Obìnrin ló ń wà á!" Èkejì rẹ̀ sì dá a lóhùn pé, "Ṣé kò lọ́wọ́ ni?" Ohun tí bàbá mi ń sá fún kò ju ìyẹn lọ.

Ọrùn ọwọ́ ló ṣẹ́. Wọ́n fi pilátà funfun dì í, wọ́n sì ní yóò jinná. A lo gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bí a ti pète rẹ̀. A jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ wàrà, àbúrò mi bá àwọn ọmọ abúlé gbá bọ́ọ̀lù títí bàtà rẹ̀ fi ya. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ ṣa kajú nípò ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n rò pé oko ló wù mí. Oje èèpo kajú bó awọ ìka mi, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí a lọ, Tonton wọkọ̀ lọ sí Parakou kí wọ́n yẹ ojú tirẹ̀ náà wò. Àrùn kan náà ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe nǹkan. Títí dòní ló ń kán oògùn sójú, ó sì ń dá oko rẹ̀ ro. Bàbá mi kò wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìwọ̀nba tó kù lójú ọ̀tún ló fi ń rí ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin náà, tó ti di bíríkìlà, tó sì ti níyàwó, wá ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu, ó sùn lọ́dọ̀ mi. Bí a ti ń jẹun, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní èmi ni wọ́n fi ṣọ́ apá òsì, ọ̀tún ni mo sì ń wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé ẹ̀bi yẹn rù nítorí òun látọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí èmi náà kò mọ̀.

"Mo rí ọkọ̀ yín láti òkèèrè. Àyè wà fún mi láti dúró. Ṣùgbọ́n mo wojú bàbá ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti rí mi."

Mo mọ ẹ̀rín náà. Inú rẹ̀ dùn pé òun fi ọwọ́ ara òun wakọ̀ wọlé bàbá òun, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí abúlé tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Gbogbo wa la wo ojú yẹn lọ́jọ́ náà, oníkálukú sì ka ohun tó wù ú níbẹ̀: ìyá mi ka agídí, èmi ka ìyìn, ọmọ orí kẹ̀kẹ́ ka ìkíni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé, "Kí lẹ rí?" Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, mo máa ń bi àwọn èèyàn mi bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ti ń béèrè jù. Mo ń béèrè síbẹ̀.