Ìyá Aziz, Ẹni Tó Ń Fi Àjákù Ìwé Kí Ènìyàn

Bí ẹ bá dé ọjà Sakété tí ẹ ní Màrúfátù lẹ ń wá, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní Ìyá Aziz oníbọ́tìnnì, kíá, ọmọ tó ń gbé omi tútù kiri gan-an á mú yín dé ìdí àtẹ rẹ̀. Bọ́tìnnì, òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́, ohun tó ń tà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ àpò kan tó wà lábẹ́ àga rẹ̀ ni.

Àjákù ìwé ló kún inú ẹ̀. Etí ìwé tí wọ́n gé dànù nílé ìtẹ̀wé, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó lọ, páálí ṣúgà, tákàdá aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi ń wé ṣokoláàtì, àti ìwé pupa rẹ́súrẹ́sú tí Àdìó aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra, fi ń wọn ẹ̀wù kó tó gé aṣọ aláṣọ. Gbogbo ẹ̀ ni Ìyá Aziz ń fi ṣe káàtì ìkíni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lọ́dún kan ó ra páálí kàyé kan, ìyẹn ìwé ìkọ̀wé, láti tà fún àwọn ọmọ ilé ìwé, òjò sì wọ inú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ì bá sunkún, kó dà á sí ààtàn. Òun tú èèpo ẹ̀yìn kàyé yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sá a sórí ẹní, ó gé ibi tí omi ò dé, ó ro ẹ̀kọ ìyẹ̀fun gbágùúdá tó ki dáadáa, ó fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílé tuntun ní Aguidi ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. "Ẹ kú ìṣílé" ló kọ sí i. Ẹ̀gbọ́n yẹn so ó mọ́ ògiri, lókè fọ́tò ìgbéyàwó ara ẹ̀!

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ. Káàtì tí wọ́n ń kó wá láti Porto-Novo, Faransé ni, nǹkan mẹ́ta péré ló sì mọ̀: ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, ọdún tuntun. Ṣé báwa ṣe ń kíra wa nìyẹn? Tìyá Aziz, "Ẹ kú ewu ọmọ" wà níbẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" wà fún ẹni tó ti pẹ́ tá a rí. Bàbá àgbà kan wà tí orúnkún ò jẹ́ kó jáde nílé mọ́, "Ẹ kú ìjókòó" ló kọ fún un, bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi béèrè omi. Tó bá sì kọ ọ́, á fi àmì sórí ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ò lámì dà bí ẹ̀wù tí ò ní bọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n kò ní gé ìwé fún yín tí ẹ ò bá tíì rojọ́. Á béèrè bí ọlọ́pàá: ta ni? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lẹ sọ? Kí ló fèsì?

Bó ṣe bá ọ̀rọ̀ Flore pàdé nìyẹn.

Mádáàmù Eugénie, ìyá agbẹ̀bí ní Igana, fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń padà sílùú ẹ̀ ní Ouidah. Àwọn obìnrin tó gbẹ̀bí wọn ní kálukú àwọn máa fún un ní káàtì lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa sìn ín. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n, wọ́n wá bá Ìyá Aziz, wọ́n rojọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Flore ló gbẹ̀yìn. Ó gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n, ó ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì, kò rà.

"Kí ni kí n kọ sí tìẹ?" Ìyá Aziz bi í.

"Ẹ kàn kọ *pardon*, Ìyá Aziz."

"*Pardon* kẹ̀? Ẹni tó tẹni lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jà ló ń sọ ìyẹn. Kí lo ṣe fún un?"

Flore wolẹ̀. "Mo gé e jẹ ni."

"O ṣe kí ni?"

"Mo gé e jẹ. Lápá. Ọjọ́ tí mò ń rọbí Crépin yìí."

Mo kúkú wà nídìí àtẹ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ti ń fi gèlè bo ẹnu. Ìyá Aziz ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ̀jẹ̀ jáde?"

"Ó jáde."

"Eyín mélòó?"

"Ìyá Aziz! Ṣé mo dúró kà á ni?"

Ó wá sọ gbogbo ẹ̀. Ó ní kì í ṣe eyín nìkan, òun tún pè é ní àjẹ́, pé ó fẹ́ pa òun. Mádáàmù Eugénie kàn fi aṣọ di apá ẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ìgbà tó gbọ́ igbe Crépin ló tó lọ fọ ojú egbò. Látìgbà náà, ó ti pé ọdún méjì, Flore ò lè wò ó lójú. Pobè ló ń gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, lórí zémi, ọ̀kadà akérò, nígbà tí ilé ìgbẹ̀bí Igana ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ sílé ẹ̀. Ó rí i lọ́nà lọ́jọ́ kan, ó sá wọ oko àgbàdo olóko, olóko kígbe mọ́ ọn.

"Tó bá lọ sí Ouidah láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí tán," Flore ní, omi ti lé sí i lójú, "níbo ni mo ti fẹ́ rí i mọ́? Ìtìjú yìí á bá mi dọ́jọ́ alẹ́."

Ìyá Aziz ń wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. "Ẹ kú iṣẹ́" ò tó. "Ẹ kú ìrọ́jú" ńkọ́? Ó mi orí: wọ́n á rò pé ẹnì kan ló kú. "Ẹ má bínú" náà kọ́: ọdún méjì ti kọjá, ẹni tá a gé jẹ tó ṣì gbé ọmọ wa fún wa láyọ̀, a kì í kàn bẹ̀ ẹ́, kíkí là ń kí i. Lójijì ó gbá itan:

"Ẹ kú ìfaradà."

Flore tún un sọ lábẹ́ ahọ́n. "Òun gan-an nìyẹn," ló wí.

Ó dọjọ́ Ẹtì, Flore wá gba káàtì ẹ̀. Ó dára, mi ò purọ́: ìwé Àdìó ló fi ṣe ẹ̀yìn ẹ̀, ó gé tákàdá wúrà bí ewé kékeré mẹ́rin sí igun ẹ̀. Flore ṣí i, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá fọwọ́ pa etí káàtì náà, ó sì pariwo.

"Ìyá Aziz! Ẹ gé eyín sí i!"

Àlùmọ́gàjí eléyín ni Ìyá Aziz yá lọ́wọ́ Àdìó, èyí tí àwọn aránṣọ fi ń gé etí aṣọ kó má tú. Gbogbo káàtì mẹ́rìndínlógójì ló fi gé létí, ṣóńṣó-ṣóńṣó, kó lè lẹ́wà. Kò ronú kan Flore rárá. Èmi ni mo bú sẹ́rìn-ín, Àdìó gbọ́, ó yọjú: "Ẹ tiẹ̀ kùnà, ẹ ò ya apá síwájú eyín yẹn!"

"Àdìó, padà sídìí máṣínì rẹ!" Ìyá Aziz ti mú abẹ ìfárí. "Flore, má bínú, ọkàn mi ò lọ síbẹ̀." Ó gbé igi ìfàlà lé e, ó fá eyín yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ egbò. Káàtì kéré sí i, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ jọ̀lọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ta àtíbàbà sí iwájú ilé ìgbẹ̀bí. Mádáàmù Eugénie jókòó, ó ń ṣí káàtì, ó ń kà á sókè pẹ̀lú ohùn Fọn tí ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ìyá Aziz dúró lẹ́yìn, ètè ẹ̀ ń mì, ó ń ṣọ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Flore wà létí àtíbàbà, ẹsẹ̀ kan níta.

"Ẹ kú ìfaradà," Mádáàmù Eugénie kà. "Flore, ìyá Crépin."

Ó fìka tọ etí káàtì náà. Ó mú òmíràn, ó fi wọ́n wéra.

"Ẹ wò ó," ló wí, "gbogbo ìyókù ló léyín. Ti ẹni tó ní eyín jù lọ nínú yín ni ò ní!"

Ẹ̀rín bú jáde. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀ sókè. "Flore, wá wò ó. Ó ti jiná."

Flore fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. "Màmá, ojú ló ń tì mí."

"Ṣé ìwọ nìkan ni? Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ta mí níkùn ló ń jẹ ìrẹsì lọ́hùn-ún yẹn." Síbí há mọ́ obìnrin kan lẹ́nu. "Ìrora ló ń gbẹnu yín sọ̀rọ̀, èmi kì í bá a jà. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò tíì rí ọmọ yìí láti ọjọ́ náà. Gbé e wá."

Ó gba Crépin, ó gbé e sókè sódò bí ẹni ń wọn iṣu. "Ó wúwo!" Ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ní kí Flore jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kó máa na káàtì ìyókù sí òun. Flore ń nà án sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí káàtì fi tán, ọmọ ti sùn sí ìyá agbẹ̀bí láyà. Flore na ọwọ́ láti gbà á, obìnrin yẹn ò fún un.