Mo Pọn Ìyá Ọkọ Mi Lọ Sétí Òkun

Ìyá ọkọ mi kì í ka omi Canarsie, ládùúgbò wa ní New York, kún. Bí mo bá mú wọn lọ sí èbúté níbi táwọn èèyàn ti ń fi ìwọ̀ pẹja, wọ́n á yínmú: "Èyí kì í ṣe òkun. Omi ìfọṣọ ni." Ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n, ọmọ Jàmáíkà náà sì ni ọkọ mi, èmi nìkan ni Yorùbá nínú ilé wa. Òkun tiwọn wà lábúlé kan tí kò sí òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, òkúta ló kún etí rẹ̀, wọ́n ní ariwo rẹ̀ máa ń wọlé bá wọn lórí ẹní.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún wa pé iná ojú wọn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní ríran mọ́. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Ẹ mú mi lọ wo òkun mi kó tó di pé mi ò rí nǹkan kan mọ́."

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, a wọ ọkọ̀ òfurufú, a háyà mọ́tò, a gba ọ̀nà kòtò-kòtò débẹ̀. Ọkọ mi páàkì sórí òkè, ó ní, "Màmá, òkun yín rèé." Wọ́n wò títí. "Òkun dà? Kùrukùru funfun ni mò ń rí." Ohun tó bá jìnnà díẹ̀, ojú wọn ò mú un mọ́. Orúnkún wọn ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn òkúta yẹn, tí wọ́n ń yọ̀ bí ilá. Ọkọ mi ní ká máa padà, ká má lọ kán ìyá òun léegun.

Inú bí mi. Gbogbo ọ̀nà tí a wá, ká wá ti orí òkè padà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní New York. Ọkùnrin tó sanra jù wọ́n lọ ni mò ń gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tú ìró àǹkárá tí mo ró lé ṣòkòtò mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Èmi arúgbó yìí? Ṣé orí rẹ pé?"

"Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ gùn, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gùn. Mo so ìró náà mọ́ àyà. Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń kùn. Hẹ̀ẹ̀! Òkúta ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òógùn bo ojú mi, Màmá ní tiwọn ń kọrin sí mi létí, wọ́n tún ń béèrè pé kí ló dé tí mò ń rìn bí ìgbín. Ẹni tí a gbé pọ̀n kò kúkú mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí o, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n sọ wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo gbé wọn jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ kan. Omi wá, ó bo ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ké bí ọmọdé. Wọ́n bù ú, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fi bọ́jú. Wọ́n na ọrùn síwájú títí, wọ́n ní àwọn rí i, àwọn rí ìfófòó rẹ̀. Ọkọ mi yíjú sápá kan, ó ń nu ojú.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi kí n lè dì wọ́n mú. Wọ́n ní kí n wo àwọn. Mo ní, "Ẹ̀n, Mà," ilẹ̀ ni mo sì ń wò, nítorí níbi tí a ti tọ́ mi dàgbà, ìyàwó kì í tẹjú mọ́ ìyá ọkọ.

"Látọjọ́ tí a ti jọ ń gbé," ni wọ́n wí, "àárín orí rẹ nìkan ni mo mọ̀. Mo rò pé ẹ̀rù mi ló ń bà ọ́." Wọ́n fi ọwọ́ tútù gbé àgbọ̀n mi sókè, wọ́n fà mí mọ́ra títí èémí wọn fi ń kàn mí lójú. Ìgbì ńlá kan wá, ó rin wá gbindin. Wọn ò gbójú kúrò lójú mi.

Ọkọ mi ní, "Màmá, òkun tí ẹ torí rẹ̀ wá lẹ ò wò mọ́ yìí o."

"Èwo ni tòkun? Bí mo bá dijú, mo mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n wo ọmọ mi."