Ọjọ́ Tí Mo Rò Pé Jésù Ti Dé

Dọ́káàsì ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àbúrò bàbá mi ni, Ìyá Ẹ́sítà ni gbogbo Odígbó ń pè é, ó sì ti kú. Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí a má sọ̀rọ̀ òkú ní búburú, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe òfin yẹn kò gbé ọ̀dọ̀ Dọ́káàsì rí.

Ariwo kan tó dákẹ́ ló mú mi rántí rẹ̀. Ilé àdúrà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Orè níbí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì máa ń bá àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ Bìní díje láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, ariwo náà gé lójijì. Mo yọjú lójú fèrèsé. N kò rí ènìyàn kankan, bàtà nìkan ni mo rí, tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà: ti àgbà, ti ọmọdé, sálúbàtà, bàtà onígigísẹ̀ gíga. Àgbàlagbà ni mí, mo ti kàwé, mo sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀ àyà mi já. Mo tún di ọmọ kékeré tó ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú omi lórí.

Ìyá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Oko kòkó ni bàbá mi wà ní ọ̀nà Àgọ́ Aláyè, kò sì sí ilé ìwé nítòsí rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní kí àwọn ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá mi sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bí ó ti gba Bíbélì gbọ́ lọ. Ó mú mi wá fún àbúrò rẹ̀ ní Odígbó, ó gbé iṣu àti epo kalẹ̀, ó padà sí oko. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé ilé Dọ́káàsì. N kò sọ pé mo di ọmọ rẹ̀.

Ilé aláàdúrà ni. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ lọ sí ilé ìsìn, wọn kì í sì í wọ bàtà sí i. Láti ilé ni wọ́n ti ń bọ́ ọ. Bàtà á wà ní ìtò lẹ́nu ọ̀nà, á máa dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi dé. Mo fẹ́ràn ilé àdúrà yẹn, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ràn òórùn àbẹ́là àti tùràrí, mo fẹ́ràn bí àwọn obìnrin ṣe ń pàtẹ́wọ́ títí ilẹ̀ yóò fi máa mì. Aṣọ funfun ni n kò ní. Bàbá mi ra aṣọ náà, ó fi ránṣẹ́. Dọ́káàsì gé e, ó rán an, Ẹ́sítà ọmọ rẹ̀ ló sì bá mu. Ó ní èmi ṣì ń dàgbà, kí n ní sùúrù. Ọjọ́ orí kan náà ni ti èmi àti Ẹ́sítà.

Nítorí náà, ìta ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù, lábẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Wòlíì tó ń darí ìjọ náà, ìpadàbọ̀ Jésù ló dùn mọ́ ọn jù. Ó ní bí olè ni yóò ṣe wá. Kò ní sí ariwo. Ẹni méjì yóò jọ wà nídìí ọlọ, a ó mú ọ̀kan, a ó fi èkejì sílẹ̀. Aṣọ ayé àti bàtà ayé ni yóò kù nílẹ̀. Ó ní ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ ní Àgbábù kì í ṣe lásán, Ọlọ́run ló tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ láti fi dáná sun ayé nígbà tí àwọn tirẹ̀ bá ti lọ tán. Títí di òní, bí ìjọba kan bá ní òun fẹ́ wa ọ̀dà náà, tí ọ̀rọ̀ sì tún kú sílẹ̀, Wòlíì ni mo máa ń rántí.

Nǹkan mìíràn ni Tíṣà ń kọ́ wa nílé ìwé. Ó ní gbogbo ojú ni yóò rí Jésù. Àwọsánmà yóò ya, fèrè yóò dún, àwọn òkú tí wọ́n sin sẹ́yìn ilé ìwé wa yóò dìde lójú wa. Mo nawọ́ sókè.

“Sà, ṣé olè a máa fọn fèrè ni?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, jókòó.”

N kò bi í láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Dọ́káàsì ti fi ìpadàbọ̀ náà ṣe pàṣán fún mi. Bí mo bá fọ́ àwo, bí oorun bá gbé mi lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi ń bú mi, èdè inú Bíbélì ló fi ń gbàdúrà, mo tún èébú náà ṣe níbí kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ: “Jẹ́ kí Jésù dé. Gbogbo wa la máa lọ. Ìwọ lo máa kù, tí wàá máa ṣọ́ ilé.” Ẹ́sítà á sì rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà náà, kí wọ́n má fi mí sílẹ̀.

Òmìnira dé. Wọ́n fún wa ní àsíá kéékèèké nílé ìwé, pẹ̀lú bisikíìtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láàárín ayọ̀ náà, Dọ́káàsì na korobá sí mi, ó ní kí n lọ pọn omi. Kì í ṣe ní odò ìtòsí; ó ní ti ọ̀nà oko ló mọ́ jù. Mo lọ. Ọ̀nà náà jìn, mo sì ń fi orin òmìnira tí wọ́n kọ́ wa tu ara mi lójú nínú igbó.

Nígbà tí mo dé, mo ní ẹ kú ilé o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ odó wà nínú odó, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ tí Dọ́káàsì wọ̀ láàárọ̀ wà nílẹ̀ yàrá bí ó ṣe bọ́ ọ. Bàtà gbogbo wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré wo ilé tó tẹ̀ lé e, ti Ìyá Àdúrà. Bàtà. Mo wo ti ọ̀ọ́kán. Bàtà.

Mo rọra sọ omi kalẹ̀, n kò jẹ́ kí ó dà, nítorí mo ṣì ń bẹ̀rù Dọ́káàsì. Mo jókòó ti àwọn bàtà náà, mo ń ro ó. Fèrè kò dún. Bí ti Tíṣà bá jẹ́ òótọ́, ǹ bá ti gbọ́ ọ lódò. Á jẹ́ pé Wòlíì ló mọ̀ ọ́n. Jésù ti wá bí olè nígbà tí mo ń pọn omi, ó ti kó wọn lọ. Mo mú bàtà Ẹ́sítà, mo nu eruku ara rẹ̀, mo dá a padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọ̀dà Àgbábù, mo sì ń fetí sílẹ̀ bóyá iná ti ń bọ̀.

Bàbá Rábíù ló kọ́kọ́ kọjá. Ará Ìbàràpá ni, ó gba ilẹ̀ ó ń dá oko lẹ́yìn ìlú, Mùsùlùmí sì ni, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin náà kù?”

“Mo kù báwo? Níbo ni mo fẹ́ lọ?”

“Jésù ti dé, sà. Ó ti kó wọn lọ.”

Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó wo àwọn bàtà náà, ó wò mí. “Ọkọ̀ ló kó wọn lọ, ọmọ mi. Wọ́n lọ ṣe ìdúpẹ́ òmìnira ní Òkìtìpupa. Èmi ni mo bá wọn gbé àwọn ọmọ sókè. Mo bi Ìyá Ẹ́sítà pé ìwọ ńkọ́, ó ní o ò fẹ́ lọ.”

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Bí Jésù bá fi ènìyàn sílẹ̀, ènìyàn á wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí Jésù rí ọkàn. Ṣùgbọ́n Dọ́káàsì ti mọ̀ pé wọn yóò lọ kí ó tó na korobá sí mi. Bàbá Rábíù mú iṣu sísun jáde nínú àpò rẹ̀, ó jókòó tì mí, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Wòlíì kú láìmọ̀ pé Mùsùlùmí ló tù mí nínú ní ọjọ́ tí Jésù dé.

Wọ́n fi orin wọ ìlú ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi Dọ́káàsì pé kí ló dé tí wọn ò mú mi lọ. Ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀. “Ṣé aṣọ ilé ìwé lo fẹ́ wọ̀ sáàárín aláṣọ funfun? Àti pé ta ni ì bá ṣọ́ ilé?”

Mo kàwé kúrò nílé rẹ̀. Ọdún gorí ọdún. Ẹ́sítà lọ sí òkè òkun, ó ń fi fóònù tọ́jú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ojú Dọ́káàsì fọ́, èmi ni ẹbí gbé e wá fún ní Orè. Mo gbà á, kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Mo fẹ́ wà nítòsí nígbà tí ọ̀rọ̀ àforíjì bá máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń gbàdúrà fún Ẹ́sítà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ, àwọn ọmọ mi kò sí nílé, mo sì jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo dé, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pè wá, a ò dáhùn. Ó ń fi ọwọ́ tá sálúbàtà wa kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó ń rò. Kò tún sí ẹlòmíràn láyé tó lè mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo dúró lágbàlá pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Mo jẹ́ kí ó tá wọn tán.

Ọ̀nà oko tí mo rìn lọ́jọ́ ìdúpẹ́ òmìnira ti di títì, ilé epo wà níbi tí mo ti pọn omi. Bàbá Rábíù ti lọ, Tíṣà ti lọ, àwọn òkú ẹ̀yìn ilé ìwé kò tíì dìde. Àríyànjiyàn nìkan ni kò yí padà. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lórí rédíò, bóyá bí olè ni tàbí pẹ̀lú fèrè. Èmi kò mọ̀. Mo gbà pé yóò wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó pe ènìyàn lórúkọ kó tó lọ.

Dọ́káàsì kò tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ní ọ̀sán tó ń tá sálúbàtà yẹn, mo wúkọ́, ó gbé ojú sókè, ó di sálúbàtà mi mú mọ́ àyà. Ó bèèrè pé ta nìyẹn. Mo ní èmi ni. Ó mí kanlẹ̀.

“Ìwọ ni? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ìwọ bá ṣì wà nílé, á jẹ́ pé kò tíì dé.”